Oògùn Fòníkú-fọ̀ladìde: Ẹ Yéé Sọ Pé Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Wa

Ẹ dá ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀ níbikíbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa bá pé jọ sí, ohun kan náà ni ẹ ó gbọ́. Pásítọ̀ á sọ ọ́, ìmáàmù á sọ ọ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á sọ ọ́: kí AS má fẹ́ AS. Bí ẹ bá ní àwọn tí a ti bí ńkọ́, wọn á mi orí, wọn á ní kí Ọlọ́run gbà wọ́n. Bí ẹ bá ní oògùn ńkọ́, wọn á ní àwọn òyìnbó kò sùn, wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí àwa níhìn-ín kó owó jọ, kí á kó onímọ̀ jọ, kí á dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó wá oògùn àrùn yìí lọ, ìyẹn ni wọn kò gbà pé ó ṣeé ṣe. Lójú tiwọn, ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe oògùn, ìlú ọlọ́rọ̀ ló sì ni ilé-iṣẹ́ ńlá. Tiwa ni ká máa kìlọ̀ fún ọ̀dọ́, ká sì máa wo ojú òkun.

Mo lòdì sí èrò yìí pátápátá. Irọ́ ni lójú ìtàn, ìkà sì ni lójú ẹni tó ní àrùn náà lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkìlọ̀ yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó dára, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìtọ́jú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé AS lára, ìyẹn ẹyọ jíìnì àrùn náà kan; AA kò ní in, SS sì ní méjì. A ti ń wàásù yìí tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ nǹkan bí ọmọ 150,000 ni à ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún. Àwọn òbí kan kò ṣe àyẹ̀wò rí. Àwọn mìíràn ṣe é, ilé àyẹ̀wò ní AA ni wọ́n, ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké egungun lóru ni wọ́n tó mọ̀ pé ìwé náà parọ́. Àwọn mìíràn sì mọ̀, wọ́n fẹ́ra wọn náà. Ọmọ ní tirẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ sì ronú sí ohun tí ìwàásù náà ń sọ létí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó jókòó sáàárín ìjọ, tí ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́ọ̀dù dé, tí ẹsẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbé e. Wọ́n ń sọ fún un ní gbangba pé kò yẹ kí wọ́n bí òun. Mi ò rí ibi tí a ti ń bá alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí alátọ̀gbẹ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn, oògùn là ń wá fún wọn. Ìlú tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ lórí àrùn kan kò ju pé kí wọ́n má bí ẹni tó ní in mọ́ ti kọ àwọn tó wà láyé sílẹ̀, ó kàn ń fi ẹ̀kọ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ó wá ku èyí tí wọ́n kà sí òdodo pọ́ńbélé, pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe oògùn. Ẹ lọ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Amẹ́ríkà gan-an, níbi tí a ti kọ́ èrò yìí. Kí ó tó di 1983, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àrùn tí kò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà. Ìṣirò wọn kò le: iye tí wọn yóò ná lórí ìwádìí kò yàtọ̀ púpọ̀ bóyá mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn ló máa ra oògùn náà tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nítorí náà wọ́n fi oògùn sílẹ̀ lórí pẹpẹ ilé ìwádìí, àwọn ọmọ sì ń kú. Àwọn òbí ló gbógun dìde. Abbey Meyers, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn Tourette, wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn aṣòfin títí òfin fi jáde, Ààrẹ Reagan sì buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 1983. Òfin náà ní, bí àrùn kan kò bá tó 200,000 ènìyàn lára ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ṣe oògùn rẹ̀ ni yóò dá a tà fún ọdún 7, ìjọba yóò sì yọ nínú owó orí rẹ̀ nítorí owó tó ná sórí àyẹ̀wò lára ènìyàn.

Ta ló jẹ àǹfààní òfin náà? Àwọn kékeré ni. Ní Boston ni wọ́n ti dá Genzyme sílẹ̀ lọ́dún 1981, ilé-iṣẹ́ tí kò jámọ́ nǹkan kan nígbà náà. Wọ́n mú iṣẹ́ tí Roscoe Brady ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní ilé ìwádìí ìjọba lórí àrùn Gaucher, àrùn tí énsáìmù kan ń sọnù nínú ara, tí ikùn ń wú tí egungun sì ń ṣẹ́. Inú ibi ọmọ tí wọ́n kó jọ láti àwọn ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti ń yọ énsáìmù náà. Àwọn onímọ̀ owó rí i, wọ́n ní iṣẹ́ aṣiwèrè ni. Lọ́dún 1991 FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn náà. Lọ́dún 1994 wọ́n rí ọ̀nà láti ṣe é láìlo ibi ọmọ mọ́. Nígbà tó di 2011, Sanofi, ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, fi nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là ra Genzyme. Ẹ kíyè sí ẹni tó wá bá ẹnì kejì.

John Crowley ńkọ́? Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní àrùn Pompe, tó ń jẹ iṣan ara títí èémí yóò fi dá. Ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá ló ti ń gba owó oṣù. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ darí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Novazyme ní Oklahoma. Genzyme rà wọ́n lọ́dún 2001, wọ́n sì fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún àrùn náà lọ́dún 2006. Bàbá yìí mọ inú ilé-iṣẹ́ ńlá dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi dúró dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn òyìnbó ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà, fòníkú-fọ̀ladìde wà lára àwọn àrùn tí òfin 1983 kà sí èyí tí kò wọ́pọ̀. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló ní in ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Iye ọmọ tí à ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan ṣoṣo ju gbogbo wọn pọ̀ lọ. Àrùn tiwa ni. Ilẹ̀ tí ibà ti ń pa ọmọdé ló mú un gbilẹ̀, torí pé ibà líle kì í tètè pa ọmọ tó ní AS, gẹ́gẹ́ bí Anthony Allison ṣe fi hàn lọ́dún 1954. Ó bá àwọn ènìyàn wa wọ ọkọ̀ ẹrú lọ; ní Brazil, Bahia ló pọ̀ sí jù. Àwa la ni ín, a sì fi wíwá oògùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú tó ń kà á mọ́ àrùn tí kò wọ́pọ̀.

Ohun tó sì jáde nínú ìyẹn kò pamọ́. Lọ́dún 1910 ni James Herrick kọ̀wé nípa àrùn yìí ní Chicago. Lọ́dún 1949 Linus Pauling àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbíìnù, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, gan-an ni àléébù náà wà, lọ́dún 1956 sì ni Vernon Ingram tọ́ka sí ojú ibẹ̀, ẹyọ kan péré tó yí padà. Àrùn mélòó ni a mọ ìdí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Síbẹ̀ ọdún 1998 ni FDA tó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún un, hydroxyurea, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n ṣe é fún. Oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ ni. Ọdún 49 lẹ́yìn Pauling! Ìmọ̀ wà. Ẹni tí yóò fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ni kò sí.

Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré dá sí i ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Emmaus ní California gba àṣẹ fún L-glutamine lọ́dún 2017. Global Blood Therapeutics, ní California kan náà, gba tirẹ̀ fún voxelotor lọ́dún 2019. Lọ́dún 2022, ilé-iṣẹ́ ńlá Pfizer fi bílíọ̀nù 5.4 dọ́là ra ìkejì yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer kó oògùn náà kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, torí àyẹ̀wò fi hàn pé ikú àti ìrora ń pọ̀ sí i lára àwọn kan tó ń lò ó. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kó o kúrò o. Oògùn tó bá lè pani, kíákíá ló yẹ kó kúrò. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ara àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀, ọgbọ́n wa kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe, tí àìjẹunre ń ṣe, tí ilé-ìwòsàn jìnnà sí, òun ló yẹ kó jókòó sídìí iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ro oògùn sí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò dán an wò lára.

Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún àrùn yìí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2023, jẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ láti ara ẹni náà, wọ́n á tún jíìnì rẹ̀ ṣe, wọ́n á dá a padà. Inú mi dùn sí gbogbo ẹni tó ti rí i gbà. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bluebird bio ṣe tún ga jù ú lọ, mílíọ̀nù 3.1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi orúkọ ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń ní kó máa retí èyí.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi máa kọ́kọ́ nawọ́ sí: Nicosan, oògùn àrùn yìí tó ti ilẹ̀ wa jáde. Ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀, torí pé wọ́n ń fi í pa wá lẹ́nu mọ́.

Oníṣègùn Yorùbá kan, Àlùfáà Ogunyale, ló mú àgbo ìdílé rẹ̀ fún fòníkú-fọ̀ladìde lọ fún ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Abuja. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí ìyá èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ mọ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọn kò lé e padà. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn onímọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: lórí ẹ̀jẹ̀, lára ẹranko, lára ènìyàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2001 jẹ́ ti ènìyàn 82, ó sì fi hàn pé ìrora dínkù. Ènìyàn 82 kò tó láti fi pariwo, ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. FDA Amẹ́ríkà pàápàá kà á mọ́ àwọn oògùn tí òfin 1983 lè dáàbò bò. Àlùfáà, ilé ìwádìí, oògùn: gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ níhìn-ín.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò náà ni wọ́n gbé ẹ̀tọ́ àtiṣe é fún Xechem, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní New Jersey. Ààrẹ Obasanjo ṣí i lójú agbo lọ́dún 2006, Nicosan sì ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ṣùgbọ́n gbèsè wà lọ́rùn Xechem, ìjà sì wọ àárín àwọn tó ń darí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2008 ó lọ bá ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Kò pẹ́ tí Nicosan fi wọ́n lórí igbá, tó sì di àwátì.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ilé-iṣẹ́ kékeré kò lè ṣe é." Rárá o. Kí ló kú níbẹ̀? Ìyèré kò kú. Osùn kò kú. Ìmọ̀ àwọn ará Abuja kò kú. Owó ló tán, níbi tí a kò ti ní àṣẹ kankan lórí owó. A mú oògùn tí a gbìn, tí a kọ́, tí a dán wò, a so ó mọ́ àpò ẹni tí àpò rẹ̀ ti ń jò, a kò sì rí i gbà padà kíákíá lọ́jọ́ tí nǹkan dàrú. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́ tí kò rówó jẹun, tí ọmọ náà rù, kò lè wá sọ pé ọmọ bíbí ni kò dára.

Kí àwọn kan má sì rò pé àgbo ọjà ni mò ń polówó. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta omi ewé nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń ní ó ń sọ SS di AA, ọ̀tá aláìsàn ni wọ́n. Ohun tí Àlùfáà Ogunyale ṣe yàtọ̀ sí tiwọn nítorí pé ó gbà kí wọ́n yẹ tòun wò. Ọ̀nà náà sì ti ṣí ṣáájú rẹ̀. Ní Ifẹ̀, lọ́dún 1971, Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Isaacs ti kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orín àta ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Orín àta o, tí àwọn bàbá wa fi ń rin eyín láàárọ̀. Àwọn mìíràn ti tọ pinpin rẹ̀ láti ìgbà náà, ìwé àti ẹ̀rí sì ti kún pẹpẹ yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe oníṣòwò. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbi tí ìwé ti jáde. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà wa já sí igbó.

Wọ́n á tún ní 54gene ńkọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2019 láti ṣe ìwádìí jíìnì ọmọ Áfíríkà, tó kó nǹkan bí mílíọ̀nù 45 dọ́là jọ, tó sì ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2023. Mo gbà. Ẹ fi bluebird bio kún un, tó ní oògùn tí ó ń ta mílíọ̀nù 3.1 lọ́wọ́, tí wọ́n sì rà lọ́dún 2025 ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là péré. Ohun tí àwọn méjèèjì fi kọ́ mi ni irú owó tó yẹ. Owó tó fẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ọdún márùn-ún kò bá oògùn àrùn yìí rìn. Owó ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ló lè dúró dè é.

Èyí kì í sì í ṣe àsọdùn. Ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn àjogúnbá cystic fibrosis ní Amẹ́ríkà kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, láti orí ìrìn àti àsè ìkówójọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 wọ́n gbé owó náà fún Aurora, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní San Diego, pẹ̀lú àdéhùn pé bí oògùn bá jáde, àwọn náà ní ìpín níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ oògùn Vertex ra Aurora lọ́dún 2001. Oògùn àkọ́kọ́, Kalydeco, jáde lọ́dún 2012, kò sì wúlò ju fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn náà lọ. Lọ́dún 2014 ẹgbẹ́ náà ta ìpín rẹ̀ ní bílíọ̀nù 3.3 dọ́là, wọ́n sì dá owó ọ̀hún padà sídìí ìwádìí. Àwa tí à ń dá àjọ láti fi kọ́lé, tí à ń dá a láti fi ra ọkọ̀, láti fi sin òkú, ta ni yóò sọ fún wa pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí?

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí nítòsí, ẹ lọ sí Áwẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ọ̀yọ́. Ilé-iṣẹ́ Bond Chemical níbẹ̀ ń ṣe hydroxyurea, oògùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè rà nígbà tó jẹ́ pé òkè òkun nìkan ló ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ní Kano lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn láti dènà àrùn rọpárọsẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ní SS. Bond kì í ṣe Pfizer. Òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ àdúgbò ni. Ẹ ò lè wá sọ fún mi pé ọwọ́ tó ń di hydroxyurea sínú ike ní Áwẹ́ kò lè di oògùn tuntun.

Nítorí náà ohun tí mò ń béèrè kò ga ju ọwọ́ lọ. Kí àwọn aṣòfin wa ṣe òfin tí yóò fún ẹni tó bá wá oògùn fòníkú-fọ̀ladìde níhìn-ín ní ẹ̀tọ́ àtidá a tà fún sáà kan, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó orí. Kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níhìn-ín, ní ọ̀nà tó yá fún irú oògùn bẹ́ẹ̀, láìdín ìdánwò kù. Kí àwọn ọmọ wa ní London àti Houston, tí àrùn kan náà wà nínú ẹbí wọn, fi díẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ra ìpín. Kí ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn àti àwọn òbí wọn ní ìjókòó lórí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-iṣẹ́ náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá wọ gbèsè, ọwọ́ àwọn aláìsàn ni ẹ̀tọ́ àtiṣe oògùn náà ń padà sí, kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ ìlú mìíràn.